Òkúta Sọ́fè

Jìnádù, ilé kẹrìnlá ni wọ́n kọ́ lé ìyá rẹ lórí.
Èmi ni mo ń ṣí géètì fún ẹni tó ń gbé ibẹ̀.
Ó máa ń fún mi ní igba náírà lọ́jọ́ Jímọ̀,
mo sì máa ń ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá,"
bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ṣé o rántí ìbẹ́pẹ Bàbá Lèmọ́mù tí a jọ jí,
tí wọ́n nà mí lẹ́gba mẹ́ta,
tí wọ́n nà ọ́ ní mẹ́wàá?
Mo rò nígbà náà pé
ìbẹ́pẹ ọwọ́ rẹ ló tóbi ju tèmi.

Agbo ilé wa kì í pè yín ní ẹrú. Rárá o.
Wọ́n á ní, "Àwọn èèyàn wa tó wà létí odò."
Wọ́n á bù fún yín nínú ẹran Iléyá,
egungun ìhà, kì í ṣe itan.
Ṣùgbọ́n bí ìpàdé ẹbí bá tó,
orí àpáta níta ni baba rẹ ń jókòó,
tí á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ro
láti ojú fèrèsé.

Ogun kan ló kó baba ńlá rẹ.
Ogun kan náà ló lé baba ńlá tèmi dé abẹ́ òkúta.
Ìsáǹsá làwọn méjèèjì.
Ta ló wá sọ ọ̀kan di olówó èkejì?

Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Ṣónẹ́yẹ wọ Ọbantókò pẹ̀lú ìwé,
baba mi tẹ̀ka.
Wọ́n gbin òkúta kéékèèké káàkiri oko yín,
kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, nọ́ńbà wà lórí rẹ̀.
Òkúta táwọn àgbà sá sí, ó gbà wọ́n.
Èyí, ta ló lè sá sábẹ́ rẹ̀?

Àwa méjìlélógún ni, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lẹ́nìkọ̀ọ̀kan,
àdá tuntun, ògógóró inú ike.
Ìwọ lo ṣáájú.
Mo ní, "Jìnádù, ilé yín wà lórí ìlà."
O ní Ọ̀gá ti ṣèlérí, wọn ò ní kàn án.

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, katapílà ti dé ẹnu ọ̀nà yín.
Ìyá rẹ jókòó lórí òkúta wẹ́wẹ́ tó ń fọ́ tà.
Kò sunkún. Ó na òòlù sí ọ.
"Gbà. Bó bá jẹ́ ìwọ ni,
fọwọ́ ara rẹ wó o."

O ò gbà á.
O ò dá katapílà dúró náà.
Èmi ńkọ́? Ẹ̀yìn rẹ ni mo wà,
mo ń ka owó nínú àpò pẹ̀lú ìka.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, a sin ín lóru
síbi tí ilé ìdáná rẹ̀ wà, àwa méjì péré.
Ibẹ̀ lo ti sọ pé o máa lọ bá Ọ̀gá sọ̀rọ̀.
Mo mọ ọjọ́ tí o lọ.
Mo mọ ẹni tó wa mọ́tò.
Nígbà tí wọ́n rí bàtà rẹ lábẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin, ní Láfẹ́nwá,
tí ọlọ́pàá bi mí léèrè,
mo ní mi ò mọ̀ ọ́ rí.

Géètì yìí ni wọ́n fi dí mi lẹ́nu.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ń gbẹ́ kànga nílé kẹrìnlá,
wọ́n wú orí òòlù kan, ó ti dípẹtà.
"Bá wa sọ ọ́ nù, bàbá."
Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà.

Lóru àná, mo gbé e jáde.
Mo lu òkúta sọ́fè tó wà ní kọ̀rọ̀ ògiri, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.
Kò fọ́.
Ṣùgbọ́n gbogbo ajá inú ọgbà yẹn ló gbó.